Síìdì ìdíje kọ́nfárẹ́nsì àti yíyan ẹgbẹ́ sínú ìdíje NCAA: ìbéèrè àti ìdáhùn

Oṣù Kẹta ọdọọdún ni àwọn ìbéèrè wọ̀nyí máa ń yọjú lọ́dọ̀ àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà. Ti àwọn ọkùnrin ní Division I, ìpele tó ga jù, ni a ń sọ níbi gbogbo, àfi ibi tí a bá ti dárúkọ àwọn obìnrin.

Kí ni kọ́nfárẹ́nsì, kí sì ni ìdíje rẹ̀ wà fún?

Kọ́nfárẹ́nsì ni àkójọ àwọn yunifásítì tó ń bá ara wọn gbá bọ́ọ̀lù jálẹ̀ sáà, gẹ́gẹ́ bíi líìgì tó dá dúró. Àwọn tí orúkọ wọn gbajúmọ̀ jù ni ACC, Big Ten, SEC, Big 12 àti Big East, ṣùgbọ́n àwọn kéékèèké pọ̀ ju àwọn ńlá lọ. Bí sáà bá ti parí, kọ́nfárẹ́nsì kọ̀ọ̀kan máa ń ṣe ìdíje ọlọ́jọ́ díẹ̀ tirẹ̀, níbi tí ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ tó bá gba ife níbẹ̀ ti gba àyè tààrà sínú ìdíje ńlá NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, kò sì sí ìgbìmọ̀ tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé kò fẹ́ràn bó ṣe gbá bọ́ọ̀lù látẹ̀yìnwá.

Ní ọdún 2025, ẹgbẹ́ 68 ló wọ ìdíje ńlá náà. Àyè tààrà jẹ́ 31. Àwọn 37 yòókù jẹ́ àyè àṣàyàn, tí ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni-12 pín fún àwọn ẹgbẹ́ tó rí i pé iṣẹ́ wọn dára jù lára àwọn tí kò gba ife. Kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́. Títí di ọdún 1974, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló lè ti inú kọ́nfárẹ́nsì kan lọ, ìdí sì nìyẹn tí Maryland, tó wà lára àwọn ẹgbẹ́ tó dára jù ní gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dún náà, fi jókòó sílé lẹ́yìn tí NC State fi 103 sí 100 borí rẹ̀ nínú àṣekágbá ACC. Láti ọdún 1975 ni ẹgbẹ́ tó ju ẹyọ kan lọ ti ń rí àyè láti inú kọ́nfárẹ́nsì kan náà.

Ṣé síìdì kọ́nfárẹ́nsì àti síìdì NCAA jẹ́ ọ̀kan náà?

Rárá, àṣìmú yìí ló sì ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Síìdì ni nọ́mbà tí wọ́n fi ń to àwọn ẹgbẹ́ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí àwọn alágbára má baà tètè pàdé ara wọn. Ti kọ́nfárẹ́nsì ń wá láti orí tábìlì sáà, kò sí ẹni tó ń dìbò lé e lórí. Ti NCAA, ìgbìmọ̀ aṣàyàn ló ń jókòó tò ó, láti 1 dé 16 ní ẹkùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìdíje náà.

Ẹ wo UConn ní ọdún 2011. Síìdì 9 ni wọ́n nínú ìdíje Big East, nítorí pé eré 9 ni wọ́n borí, tí wọ́n sì pàdánù 9, nínú kọ́nfárẹ́nsì. Nígbà tí ìgbìmọ̀ gbé àtẹ NCAA jáde ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan náà, síìdì 3 ni wọ́n fún wọn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pín síìdì kọ́nfárẹ́nsì?

Eré tí ẹgbẹ́ bá gbá pẹ̀lú àwọn ará kọ́nfárẹ́nsì rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kà. Ẹgbẹ́ tó lu gbogbo àlejò rẹ̀ láti oṣù Kọkànlá títí di Kérésìmesì, ṣùgbọ́n tó ṣe ségesège láti oṣù Kìíní, lè wà ní síìdì 10 nígbà tí ìgbìmọ̀ NCAA ṣì ń fojú pàtàkì wò ó.

Bí ẹgbẹ́ méjì bá dọ́gba, èsì ìpàdé àwọn méjèèjì ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Bí ìyẹn kò bá yanjú rẹ̀, wọ́n á wo bí oníkálukú ṣe ṣe sí ẹgbẹ́ tó wà lókè tábìlì, wọ́n á sì máa sọ̀ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ìyàtọ̀ yóò fi yọ. Kọ́nfárẹ́nsì kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ lórí èyí.

Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ ló ń dé ìdíje náà rárá. Ivy League, tó jẹ́ pé ọdún 2017 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ irú ìdíje yìí, ń mú mẹ́rin péré nínú ẹgbẹ́ mẹ́jọ. Big Ten àti ACC ní ẹgbẹ́ 18 lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọdún 2025, ṣùgbọ́n 15 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pè.

Àǹfààní wo ló wà nínú síìdì tó ga?

Èyí tó tóbi jù ni fífo ìpele. Nínú SEC, Big 12, ACC àti Big Ten ní ọdún 2025, síìdì 1 sí 4 fo ìpele méjì àkọ́kọ́, nítorí náà eré mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn àti ife. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá ní láti borí nínú eré márùn-ún láàárín ọjọ́ márùn-ún, èyí tó ń tán ẹsẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin, kódà bó bá lágbára bí ẹṣin.

Èkejì ni pápá. Àwọn kọ́nfárẹ́nsì ńlá máa ń lọ sí ìlú kan tí wọ́n ti yàn ṣáájú: Big East sí Madison Square Garden ní New York, Big 12 sí Kansas City, SEC sí Nashville lọ́pọ̀ ìgbà. Ní Patriot League àti America East, ilé ẹgbẹ́ tí síìdì rẹ̀ ga jù ni wọ́n ti ń gbá a, títí kan àṣekágbá. Níbẹ̀, síìdì 1 túmọ̀ sí pé ẹgbẹ́ kò ní wọ bọ́ọ̀sì lọ síbì kankan, àwọn èrò tó ń pariwo sì jẹ́ tirẹ̀.

Ṣé ìgbìmọ̀ máa ń wo síìdì kọ́nfárẹ́nsì nígbà tó bá ń yan ẹgbẹ́?

Kò sí nínú ohun tí wọ́n ń fi ṣe òṣùwọ̀n. Ìwé tí wọ́n ń kà lórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ipò rẹ̀ lórí NET, ìyẹn ètò ìṣirò tó rọ́pò RPI láti sáà 2018 sí 2019. Ó ní àwọn ìṣirò mìíràn bíi KenPom àti WAB. Ó sì ní èsì gbogbo eré, tí wọ́n pín sí ìsọ̀rí mẹ́rin. Ìsọ̀rí kìíní ni eré tí ẹgbẹ́ gbá nílé pẹ̀lú ẹni tó wà láàárín 1 sí 30 lórí NET, tàbí ní pápá tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni pẹ̀lú 1 sí 50, tàbí nílé alátakò pẹ̀lú 1 sí 75. Ìsọ̀rí kẹrin ni ti àwọn ẹgbẹ́ ìsàlẹ̀, tí bíborí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ buyì kún ẹnikẹ́ni, tí pípàdánù sí wọn sì jẹ́ àbùkù.

Síìdì ń wọlé látẹ̀yìn. Òun ló ń pinnu ẹni tí ẹgbẹ́ yóò bá pàdé, iye eré tí yóò gbá, àti ibi tí yóò ti gbá a, àwọn nǹkan mẹ́ta yìí ló sì ń di èsì tí ìgbìmọ̀ ń kà. Síìdì 8 tó borí síìdì 9 yóò bá síìdì 1 pàdé lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá ṣẹ́gun, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ìsọ̀rí kìíní ni èsì yẹn yóò wà. Síìdì 5 náà lè gbá eré kan, kó jẹ́ ẹgbẹ́ aláìlágbára tó gòkè láti ìsàlẹ̀ ni yóò bá, kó má sì rí ohunkóhun mú bọ̀. Ohun tí èmi ń rọ àwọn ọ̀rẹ́ mi ni pé kí wọ́n yé ka nọ́mbà síìdì fúnra rẹ̀, kí wọ́n máa wo ojú ọ̀nà tó wà níwájú ẹgbẹ́ náà.

Kí ló dé tí àwọn kọ́nfárẹ́nsì kéékèèké fi ń gbé ẹgbẹ́ tó wà lókè tábìlì lárugẹ tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí pé ẹgbẹ́ kan péré ni púpọ̀ nínú wọn máa ń rán lọ. Bí ẹgbẹ́ tó gba líìgì bá pàdánù nínú ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́ta, àyè tààrà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìgbìmọ̀ kò sì sábà mú ẹgbẹ́ kejì níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Indiana State ní ọdún 2024 nìyẹn. Àwọn ni síìdì 1 ní Missouri Valley, wọ́n borí nínú eré 28, wọ́n pàdánù 6, wọ́n sì wà lára 30 tó dára jù lórí NET. Drake fi 84 sí 80 borí wọn nínú àṣekágbá, ìgbìmọ̀ sì fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n lọ sí NIT, ìdíje àwọn tí kò rí àyè, wọ́n sì dé àṣekágbá rẹ̀. Ní tèmi, ìwà àìdáa ni wọ́n hù sí wọn, ṣùgbọ́n òfin kò dáàbò bò wọ́n.

Owó náà wà níbẹ̀. Gbogbo eré tí ẹgbẹ́ bá gbá nínú ìdíje ńlá kí àṣekágbá tó dé ló ń mú owó wá fún kọ́nfárẹ́nsì rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, àpapọ̀ rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì dọ́là lórí eré kan. Ẹgbẹ́ tó dára jù ló lè gbá ju ẹyọ kan lọ.

Nítorí èyí ni West Coast Conference ṣe ń jẹ́ kí síìdì 1 àti 2 dúró sí ìpele tó kángun sí àṣekágbá, kí àwọn yòókù kọ́kọ́ máa jà bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Saint Mary's àti Gonzaga ló jẹ àǹfààní yẹn ní ọdún 2025. Eré méjì péré ni wọ́n nílò, wọ́n sì bọ́ lọ́wọ́ ewu pípàdánù sí ẹgbẹ́ tí yóò ba ìwé wọn jẹ́ lójú ìgbìmọ̀. Àwọn méjèèjì ló wọ ìdíje ńlá.

Ṣé ẹgbẹ́ tí síìdì rẹ̀ rẹlẹ̀ ti gba ife rí?

Lọ́pọ̀ ìgbà. UConn tí a mẹ́nu kàn lókè borí nínú eré márùn-ún láàárín ọjọ́ márùn-ún pẹ̀lú ìràwọ̀ agbábọ́ọ̀lù wọn, Kemba Walker, wọ́n sì borí nínú mẹ́fà mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ láti gba ife orílẹ̀-èdè. NC State ní ọdún 2024 jẹ́ síìdì 10 nínú ACC. Bí wọ́n bá pàdánù nínú ọ̀kankan nínú eré márùn-ún yẹn, sáà wọn ti parí nìyẹn, nítorí pé ìgbìmọ̀ kò ní fún wọn ní àyè àṣàyàn. Wọ́n borí Duke, Virginia àti North Carolina tẹ̀léra, NCAA fún wọn ní síìdì 11, wọ́n sì bá a dé Final Four, ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn.

Èyí tó yani lẹ́nu jù lọ́kàn mi ni ti Holy Cross ní ọdún 2016. Síìdì 9 ni wọ́n nínú Patriot League, ilé onílé sì ni wọ́n ti borí nínú gbogbo eré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n wọ ìdíje ńlá pẹ̀lú 14 tí wọ́n borí àti 19 tí wọ́n pàdánù, wọ́n sì tún rí Southern lù ní Dayton kí Oregon tó dá wọn dúró.

Kí ni wọ́n ń pè ní olè-àyè?

Orúkọ tí àwọn òǹwòran ń pe ẹgbẹ́ tí ìgbìmọ̀ kò ní yàn, ṣùgbọ́n tó gba ife kọ́nfárẹ́nsì tí ẹlòmíràn nínú rẹ̀ ti dájú pé yóò wọlé lọ́nàkọnà ni. Àyè tààrà bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ti dájú pé yóò wọlé náà wá gba ọ̀kan lára àwọn àyè àṣàyàn, ẹgbẹ́ kan ní etí bèbè sì jábọ́ láìṣe pé ó gbá eré kankan lọ́jọ́ náà.

Ọdún 2024 burú ní ti èyí. NC State, Oregon, Duquesne àti UAB wà lára àwọn tó gba ife tí a kò retí. Oklahoma, Seton Hall, Pittsburgh àti Indiana State ni ìgbìmọ̀ kéde pé wọ́n súnmọ́ ẹnu ọ̀nà jù lára àwọn tí kò wọlé.

Ṣé síìdì tó dáa lè pa ẹgbẹ́ tó wà ní etí bèbè lára?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2025, West Virginia jẹ́ síìdì 8 nínú Big 12, wọ́n sì fo ìpele kìíní. Ẹni tó gòkè wá bá wọn ni Colorado, síìdì 16, tó wà nísàlẹ̀ tábìlì pátápátá. Bíborí Colorado kò ní gbé wọn ga, pípàdánù sì léwu, òun náà ló sì ṣẹlẹ̀: 67 sí 60. Àyè bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ Àìkú tí ìgbìmọ̀ kéde àwọn tó wọlé.

North Carolina ló wọlé, wọ́n sì borí ẹyọ kan péré nínú eré 13 tí wọ́n gbá ní ìsọ̀rí kìíní, nígbà tí West Virginia ní mẹ́fà. Alága ìgbìmọ̀ lọ́dún yẹn ni olùdarí eré ìdárayá North Carolina. Òfin ní kó jáde kúrò nínú yàrá nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo kò lọ sílẹ̀, kódà gómìnà ìpínlẹ̀ West Virginia pe àwọn akọ̀ròyìn jọ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Kí ló dé tí Texas A&M kò fi wọlé ní ọdún 2022 lẹ́yìn tí wọ́n dé àṣekágbá SEC?

Ìdí ni pé ìgbìmọ̀ ń ka sáà látòkèdélẹ̀. Síìdì 8 ni Texas A&M. Wọ́n borí Florida, wọ́n borí Auburn tó jẹ́ síìdì 1, wọ́n borí Arkansas, Tennessee ló wá dá wọn dúró nínú àṣekágbá. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pàdánù nínú eré mẹ́jọ tẹ̀léra láàárín sáà, àwọn eré yẹn sì ṣì wà lórí ìwé. Lójú ìgbìmọ̀, eré oṣù Kọkànlá àti ti oṣù Kẹta wúwo bákan náà.

Àwọn kan gbà pé àṣekágbá tó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú kì í rí ojú rere, nítorí pé iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ nígbà náà. Ìgbìmọ̀ sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó dájú ni pé ẹni tó bá gba ife kò nílò àánú ẹnikẹ́ni, Texas A&M sì ku eré kan péré kí wọ́n gbà á.

Bí ẹgbẹ́ ńlá bá tètè jáde nínú ìdíje kọ́nfárẹ́nsì, ṣé ó lè pàdánù síìdì 1 NCAA?

Ó lè ṣẹlẹ̀ bí ẹlòmíràn bá wà nítòsí, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n fún ẹni tó ti fi gbogbo sáà kọ́ ilé rẹ̀. Auburn pàdánù nínú eré méjì tó gbẹ̀yìn sáà SEC ní 2025, Tennessee tún lé wọn jáde kí wọ́n tó dé àṣekágbá, síbẹ̀ àwọn ni ìgbìmọ̀ fi ṣe olórí gbogbo ẹgbẹ́ 68.

Nínú Big Ten ní ọdún 2021, Michigan tó jẹ́ síìdì 1 pàdánù sí Ohio State ní ìpele tó kángun sí àṣekágbá. Illinois, síìdì 2, ló gba ife pẹ̀lú Ayo Dosunmu, ọmọ Chicago tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí etí ẹnikẹ́ni tó ń ka ojú ewé yìí. NCAA fún àwọn méjèèjì ní síìdì 1. Àmọ́ Illinois kò kọjá eré kejì.

Báwo ni ìgbìmọ̀ ṣe ń ṣe é nígbà tí àṣekágbá bá ku wákàtí díẹ̀ sí ìkéde?

Wọ́n máa ń ya àtẹ ju ẹyọ kan lọ. Bí àṣekágbá kan bá lè bí olè-àyè, wọ́n á ya àtẹ kan tí ẹni tó ti dájú borí, wọ́n á ya òmíràn tí àlejò borí, wọ́n á sì mú èyí tó bá èsì mu nígbà tí fèrè bá dún. Àṣekágbá Big Ten ló máa ń bọ́ sí ẹ̀yìn jù lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ìkéde sì ń tẹ̀ lé e ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ní àkókò New York.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ bí ẹni tó gba ife kò bá lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ?

Ilé ẹ̀kọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè wá sí Division I máa ń ní àwọn ọdún ìdúró tí kò ní lè wọ ìdíje ńlá, òfin kọ́nfárẹ́nsì ló sì ń sọ ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀. Ibí yìí ni síìdì ti ń di nǹkan tààrà. Bellarmine gba ife kọ́nfárẹ́nsì ASUN ní ọdún 2022, ṣùgbọ́n Jacksonville State, tó gba líìgì, ló lọ. Ní 2023, Merrimack fi 67 sí 66 borí Fairleigh Dickinson nínú àṣekágbá kọ́nfárẹ́nsì NEC, Fairleigh Dickinson tó pàdánù ló sì lọ. Wọ́n jẹ́ síìdì 16, wọ́n lu Purdue, síìdì 1, 63 sí 58. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn nínú ìdíje àwọn ọkùnrin.

Bí ìdíje kọ́nfárẹ́nsì kò bá wáyé rárá, tábìlì ló ń sọ̀rọ̀. Ivy League fagi lé tirẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí àrùn kòrónà, wọ́n sì fún Yale ní àyè náà. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni NCAA fagi lé ìdíje ńlá fúnra rẹ̀.

Ṣé ìpàdé nínú ìdíje kọ́nfárẹ́nsì máa ń yí ibi tí ẹgbẹ́ yóò wà nínú àtẹ NCAA padà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ̀nba èèyàn ló sì mọ èyí. Ìgbìmọ̀ kì í fẹ́ kí ará kọ́nfárẹ́nsì kan náà tètè pàdé. Bí ẹgbẹ́ méjì bá ti pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún náà, wọ́n lè pàdé ní ìpele ẹlẹ́gbẹ́ 32; bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì, ó di ìpele ẹlẹ́gbẹ́ 16; bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, ó di àṣekágbá ẹkùn. Ìdíje kọ́nfárẹ́nsì ló sábà máa ń sọ ẹ̀ẹ̀mejì di ẹ̀ẹ̀mẹta, gẹ́gẹ́ bó ṣe rí fún Duke àti North Carolina ní 2025, síìdì tí oníkálukú sì ní ló ń sọ bóyá wọ́n á pàdé níbẹ̀ rárá. Nítorí òfin yìí, wọ́n lè gbé ẹgbẹ́ kan kúrò ní ẹkùn tó yẹ kó wà.

Ṣé bákan náà ló rí fún àwọn obìnrin?

Ìpìlẹ̀ kan náà ni, ẹgbẹ́ 68 ni tiwọn náà láti ọdún 2022, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ méjì wà. Àkọ́kọ́, àwọn ẹgbẹ́ 16 tó dára jù ló ń gba àlejò nílé fún ìpele méjì àkọ́kọ́, nítorí náà ẹgbẹ́ tó wà ní ipò 15 sí 18 lè jèrè tàbí kó pàdánù pápá ilé rẹ̀ nítorí eré kan nínú ìdíje kọ́nfárẹ́nsì. Ẹ̀bùn yẹn tóbi ju kí síìdì gòkè ní ẹyọ kan lọ lọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin.

Èkejì, àwọn kọ́nfárẹ́nsì ńlá ti àwọn obìnrin máa ń parí ìdíje wọn ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìkéde, ìgbìmọ̀ wọn sì ní àyè láti ro àbájáde rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ sí àtẹ.